Ìpè Tí Mo Jẹ́ Lórúkọ Ọ̀rẹ́ Mi

Ẹ̀yin ọmọ mi tẹ́ ẹ jókòó síwájú mi yìí, ohun tí wọ́n ní kí n wá kọ́ yín lónìí ni béèyàn ṣe ń ti ara ojúlùmọ̀ ríṣẹ́. Màá kọ́ yín. Ṣùgbọ́n èmi kọ́ ni mo mọ̀ ọ́n ṣe, ọ̀rẹ́ mi ni, èmi ni mo sì gba iṣẹ́ mọ́ ọn lọ́wọ́. Ọ̀rọ̀ náà ti pẹ́ jù nínú mi. Lọ́jọ́ Àìkú tó kọjá ni mo tó sọ ọ́ fún un, àtìgbà náà ni oúnjẹ sì ti ń dùn lẹ́nu mi. Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ níṣojú yín náà, kó lè tán pátápátá.

Yàrá kan lèmi àti ọ̀rẹ́ mi jọ ń gbé nígbà táwa méjèèjì ń wáṣẹ́. Ẹlẹ́nu-iyọ̀ là ń pè é, torí bó bá kí ọ, wàá fẹ́ kó tún ọ kí. Ní tèmi, lẹ́tà ni mo ń kọ. Màá kọ ọ́, màá fi ránṣẹ́, màá wá jókòó ti fóònù bí ẹni tó ń ṣọ́ ọmọ tuntun. Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin sọ mí ní Akọ̀wé Tí Ò Lọ́fíìsì. Ẹlẹ́nu-iyọ̀ máa ń jáde ní tiẹ̀. Kì í sọ pé kí wọ́n fún òun níṣẹ́. Ńṣe ló máa ń béèrè pé, “Ẹ jọ̀ọ́ sà, báwo lẹ̀yin ṣe bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ yìí? Ta lẹ tún rò pé kí n lọ kí?” Bí wọ́n bá júwe ẹnì kan fún un, á lọ, á sì padà wá jábọ̀ fún ẹni tó júwe. Ibẹ̀ gan-an lọgbọ́n wà. Ọ̀pọ̀ èèyàn mọ̀ ọ́n béèrè, wọn ò mọ̀ ọ́n jábọ̀. Ó máa ń sọ fún mi pé, “Ìwọ yìí, jáde nílé. Èèyàn laṣọ mi ni wọ́n ń wí, wọn ò sọ pé lẹ́tà laṣọ mi.” Màá rẹ́rìn-ín, inú á sì máa bí mi.

Ibi tó ti ń kí èèyàn kiri ló ti mọ Bàbá Onígíláàsì, ọ̀gá níbi tí wọ́n ti ń gé gíláàsì awò ojú. Á dúró ti ẹ̀rọ, á máa béèrè ìdí tí eléyìí fi nípọn létí, tí tọ̀hún fi nípọn láàárín. Ó mú mi lọ síbẹ̀ rí. Ẹnu ọ̀nà ni mo dúró sí, tí mò ń wo aago. Nígbà tí fóònù rẹ̀ bọ́ sómi, nọ́ńbà tèmi ló fún Bàbá. Ó ní, “Ọ̀kan náà ni wá, sà.”

Ìyá rẹ̀ wá ń ṣàìsàn, ó lọ tọ́jú wọn, Bàbá sì pè. “Ọmọ mi, bá mi sọ fún ọ̀rẹ́ rẹ kó wá láàárọ̀ ọ̀la. Ẹni tó ń gba oníbàárà ń fi wá sílẹ̀, òun ni mo sì fẹ́ fi rọ́pò.” Mo ní, “Ẹ ṣé sà, màá jíṣẹ́.” Nígbà tí mo ń sọ ọ́, òótọ́ ni. Àmọ́ kí ilẹ̀ tó ṣú, mo ti ń fi áyọ́ọ̀nù lọ aṣọ mi. Láàárọ̀, èmi ni mo dúró níwájú Bàbá. “Ọ̀rẹ́ mi ti ríṣẹ́ síbòmíì, sà. Ó ní kí n bá òun dúpẹ́ lọ́wọ́ yín.” Bàbá wò mí títí. Wọ́n ní, “Kò wá sọ fún mi fúnra rẹ̀? Ó dáa. Ìwọ ńkọ́, ṣé o ti ríṣẹ́?”

Ká ní ibẹ̀ ló parí sí ni, ì bá sàn. Ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà ju èje lọ. Ẹlẹ́nu-iyọ̀ dé, ó bá mi nínú aṣọ iṣẹ́ wọn. Kò bínú. Ó kàn béèrè pé, “Ṣé Bàbá ò rántí mi ni?” Mo mọ̀ pé bó bá lọ kí Bàbá, àṣírí mi tú. Mo ní, “Ọ̀rẹ́ mi, má bínú. Bàbá ní o ti ń yọ òun lẹ́nu jù. Bí o bá ti kúrò níbẹ̀, ńṣe ni gbogbo wọn máa ń fi ọ́ ṣe yẹ̀yẹ́.” Mo rí ojú rẹ̀. Mo rí i o, mo sì tún fi kún un: “Kì í ṣe ọ̀dọ̀ wọn nìkan.” Èmi òṣìkà yìí. Iṣẹ́ kan, èèyàn lè rí òmíràn. Àmọ́ láti ọjọ́ náà, kò lọ kí ẹnikẹ́ni mọ́. Ó jókòó sílé, ó ń rán aṣọ ọmọdé, kì í sì í fẹ́ gbójú sókè wo oníbàárà. Ó tiẹ̀ máa ń dúpẹ́ lọ́wọ́ mi pé èmi nìkan ni mo sọ òótọ́ fún òun. Ọdún gorí ọdún, èmi di ọ̀gá, mo di ẹni tí wọ́n ń pè wá sọ̀rọ̀ fún yín.

Ọmọbìnrin tí Ẹlẹ́nu-iyọ̀ bí ni ò jẹ́ kí ara mi gbà á mọ́. Ó ṣẹ̀ṣẹ̀ parí ẹ̀kọ́ rẹ̀, mo sì ní kó máa lọ kí àwọn èèyàn. Ó ní, “Àǹtí, Mọ́mì ti kìlọ̀ fún mi. Wọ́n ní béèyàn bá ń lọ kí wọn, ẹ̀yìn ẹni ni wọ́n ti máa ń fini ṣe yẹ̀yẹ́.” Irọ́ tèmi nìyẹn, lẹ́nu ọmọ ọlọ́mọ.

Mo lọ bá ìyá rẹ̀ nídìí ẹ̀rọ ìránṣọ, mo sọ gbogbo rẹ̀. Mo ti múra sílẹ̀ fún èébú, mo tiẹ̀ múra sílẹ̀ fún ìgbájú. Ó dá ẹ̀rọ dúró. Kò béèrè nípa iṣẹ́ rárá. Ó ní, “Bàbá ò sọ bẹ́ẹ̀?”

Mo ní, “Wọn ò sọ bẹ́ẹ̀. Ìwọ ni wọ́n pè.”

“Kò sẹ́ni tó fi mí ṣe yẹ̀yẹ́?”

“Kò sí.”

Ó sunkún, ó sì tún rẹ́rìn-ín. Ó bi mí bóyá Bàbá ṣì wà láyé. Mo ní wọ́n wà, wọ́n kàn ti fẹ̀yìn tì ni, mo sì júwe ilé wọn fún un. Ó ní kí n máa lọ, òun á bínú sí mi tó bá yá, òun ò tíì ráyè báyìí. Bí mo ṣe ń jáde ni mo gbọ́ tó ń pe ọmọ rẹ̀ pé, “Wá, ki ẹsẹ̀ bọ bàtà. A fẹ́ lọ kí bàbá kan.”

Ẹ̀yin ọmọ mi, ẹ máa kí èèyàn, ẹ máa padà lọ jábọ̀, ẹ má sì jẹ́ ìpè ẹlòmíì. Mò ń retí ìbínú ọ̀rẹ́ mi, ó tọ́ sí mi. Lọ́jọ́ tó bá dé, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi bẹ̀ ẹ́.