Ẹni Tó Kọ́kọ́ Jẹ́wọ́

Áà, ọ̀gá, ẹ má sọ pé kí n rọra mọ́, sùúrù ti tán nínú mi! Adájọ́ ti fẹ́ jókòó, ẹ wá ní kí n wọlé, kí n dìde dúró níwájú Ọlọ́run àti ènìyàn, kí n ní kí wọ́n ju oníyẹ̀fun kékeré sẹ́wọ̀n? Èmi? Èmi tí mo fi ẹnu ara mi fà á wá sọ́dọ̀ ìjọba? Ká má rí i!

Ṣé ẹ ti gbàgbé ni? Àwọn oníyẹ̀fun mẹ́ta lẹ̀dí àpò pọ̀ ní yàrá ẹ̀yìn òtẹ́ẹ̀lì, pé kò sẹ́ni tó gbọdọ̀ ta ìyẹ̀fun wálẹ̀ ju iye tí àwọn jọ fẹnu kò sí, títí búrẹ́dì fi di ohun tí ọmọ tálákà ń fi ojú lásán jẹ. Iṣẹ́ àwa lọ́yà ìjọba kọ́ ni láti tú irú ìmùlẹ̀ bẹ́ẹ̀ ká? A wá ẹ̀rí títí, a ò rí, àfi ìgbà tí mo lọ bá èyí tó kéré jù nínú wọn. Mo ní, "Bọ̀dá, òfin wa dà bí ọ̀rọ̀ olè orí àgbélébùú, ẹni tó bá kọ́kọ́ jẹ́wọ́ ló ń rí ìdáríjì, ẹnì kan ṣoṣo náà sì ni." Ọkùnrin náà bú sẹ́kún. Ó ní, "Lọ́yà, ṣé ẹ ò ní já mi jù sílẹ̀?" Mo ní Ọlọ́run ni ẹlẹ́rìí mi. Yéè, mo fi Ọlọ́run ṣe ẹlẹ́rìí!

Ó wá àbí kò wá? Ẹ̀yin kọ́ lẹ bu omi fún un nígbà tó ń jẹ́wọ́? Ẹ̀yin kọ́ lẹ kọ́ mi pé bí ẹnu bá ti sọ ọ́, ipò ẹni ti dúró, ìwé á tẹ̀lé e tó bá yá? Kò pẹ́ tọ́rọ̀ náà fi ta sí oníyẹ̀fun ńlá létí, baba ìmùlẹ̀ gan-an, ẹni tó gba yàrá òtẹ́ẹ̀lì! Ó rán lọ́yà rẹ̀ wá pẹ̀lú ìwé dídán, ẹ ní òun ló ṣíwájú, nítorí ti ẹni àkọ́kọ́ ò tíì sí lórí ìwé. Jákọ́bù fi awọ ewúrẹ́ bora wọlé, ẹ gbé ìbùkún Ésáù fún un. Ṣùgbọ́n Ísáákì fọ́jú, ọ̀gá! Ẹ̀yin ńkọ́?

Ẹ ní àṣẹ láti òkè ni? Ẹ̀yin tí ẹ ń darí àdúrà òwúrọ̀ nínú ọ́fíìsì wa! Lọ́la, oníṣòwò wo ló tún máa gbà wá gbọ́?

Ẹ ní kí n ro ti àwọn ọmọ mi? Mo rò ó o. Àbíkẹ́yìn mi bi mí pé, "Mọ́mì, àwọn tó ń jẹ́ kí búrẹ́dì wọ́n, ṣé ẹ ti mú wọn?" Kí ni kí n wí fún un, pé a mú èyí tó ronúpìwàdà, a sì dárí ji olórí wọn?

Ìyàwó ọkùnrin náà ń bẹ lọ́dẹ̀dẹ̀ níta yìí, ó ká súwẹ́tà ọkọ rẹ̀ mọ́yà, nítorí wọ́n ní àtìmọ́lé tutù. Ó rí mi, ó kúnlẹ̀. Ìbá tiẹ̀ bú mi! Ìbá tutọ́ sí mi lójú! Ó ní, "Ẹ ṣé tẹ́ ẹ wá gbà wá." Ọ̀gá, obìnrin yẹn rò pé mo wá gbèjà wọn ni!

Ẹ gbọ́, wọ́n ti ní kí gbogbo ilé ẹjọ́ dìde. Ẹ wọlé lọ sọ òótọ́ fún adájọ́. Ẹ ò ní lọ? Ó dáa. Aṣọ dúdú mi rèé, ẹ wá ẹni tó máa wọ̀ ọ́. Lọ́yà ò lè rojọ́ kó tún jẹ́rìí, èmi sì ti mú ọ̀kan: mo ń lọ jẹ́rìí pé ọkùnrin yẹn ló kọ́kọ́ jẹ́wọ́. Bí iṣẹ́ á bá bọ́, kó bọ́.

Ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ kúrò lẹ́nu ọ̀nà.