Ojú Ìwé Tí Mo Fà Ya

Kọ́lá, ẹ̀gbọ́n Fọlákẹ́, ni ó kọ́kọ́ sọ òpin ìtàn yìí fún mi. Kò mọ̀ pé èmi ni mo bẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbọ́ mi tán kí ẹ tó bú mi.

Kí ìjọba alágbádá tó dé, àwa akọ̀wé mẹ́ta ni a wà ní ilé ìfìwéránṣẹ́ kékeré kan nítòsí Òsì: èmi, Fọlákẹ́ àti Ayọ̀délé. Ẹnìkan ń ṣí fèrèsé tí a ti ń dá èrò lóhùn láàárọ̀, ẹnìkan ń gbà á lọ́sàn-án, ẹnìkẹta ń to lẹ́tà nírọ̀lẹ́. Ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ wa jà títí wọ́n fi gba òfin kan fún wa: ẹni tó bá ní oko, ọmọ ọwọ́ tàbí aláìsàn lè bá ẹlòmíràn pààrọ̀ àsìkò, bí àwọn méjèèjì bá ti fọwọ́ sí ìwé lọ́jọ́ tó ṣáájú. Èmi ni akọ̀wé ẹgbẹ́. Ọwọ́ mi ni ìwé náà ń gbé.

Ìyá Fọlákẹ́ wà lórí àìsàn ní Ìsọlọ̀-Ọ̀pin. Fọlákẹ́ ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ bá mi gba àárọ̀ ọ̀la. Mo fẹ́ gbé Màámi lọ sí ọsibítù. Ẹ má jẹ́ kójú tì mí o."

Mo ní, "Máa lọ jàre. Ṣé fèrèsé ló máa sá lọ ni?" A rẹ́rìn-ín, àwa méjèèjì fọwọ́ sí ìwé.

Òjò àkọ́rọ̀ rọ̀ ní ìdájí. Ẹ̀yin àgbẹ̀ mọ ohun tí mò ń wí. Mo ní kí n sáré gbin àgbàdo díẹ̀ kí n tó lọ. Ilẹ̀ rọ̀, ọwọ́ mi yá, n kò mọ ìgbà tí oòrùn gòkè. Nígbà tí mo dé ibi iṣẹ́, èrò ti kún ẹnu ọ̀nà. Ìyá arúgbó kan ń pariwo pé, "Ẹ má jí wọn o, lẹ́tà àwọn ọmọ wa ṣì ń sùn!" Àárín wọn ni ọ̀gá wa láti Ìlọrin dúró sí.

Ó bi mí pé, "Ta ló ni àárọ̀ yìí?"

Ẹ jọ̀ọ́, ẹnu mi yára ju ọkàn mi lọ. Mo ní, "Fọlákẹ́ ni, sà." Ó yìn mí pé mo tètè dé síbi iṣẹ́ ọ̀sán. Ó ní kí n gbé ìwé wá. Mo wọ yàrá ẹ̀yìn, mo fa ojú ìwé ọjọ́ náà ya, mo tì í bọ àpò kí n tó gbé ìwé jáde fún un.

Ní ìpàdé tí ẹgbẹ́ pè lórí ọ̀rọ̀ Fọlákẹ́, èmi ni mo ka òfin sétí gbogbo wọn. Alága bi Fọlákẹ́ pé, "Ta lo bá pààrọ̀?" Ó wò mí. Ó ní, "N kò bá ẹnikẹ́ni pààrọ̀." Mo rò pé ẹ̀rù ló bà á. Àwọn ọ̀gá fi jẹ ẹ́ níyà, wọ́n gbé iṣẹ́ rẹ̀ lọ sí òkè Ọya lọ́hùn-ún. Kí ó tó gbọ́ pé ìyá rẹ̀ kú, a ti sin ín.

Ọdún mẹ́sàn-án rèé. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, Kọ́lá wọlé wá, ó jókòó. Ọmọkùnrin Ayọ̀délé fẹ́ fẹ́ ọmọ Kọ́lá, Kọ́lá sì ń ṣe ìwádìí ìdílé.

Ó ní, "Akọ̀wé, ẹnìkan fọwọ́ sí ìwé láti gba àárọ̀ ọjọ́ yẹn, kò wá. Fọlákẹ́ mọ̀ ọ́n, kò dárúkọ rẹ̀ fún wa rí. Ó ní bí òun bá sọ ọ́, àwọn ọ̀gá á fagi lé òfin náà, àwọn abiyamọ á sì jìyà. Ayọ̀délé ni ọkàn wa lọ bá, torí a mọ̀ ọ́n mọ́ iṣẹ́ oko. Bó bá jẹ́ òun, a ò ní fún wọn lọ́mọ. Ẹ̀yin lẹ di ìwé mú. Òun ni?"

Kì í ṣe ẹ̀rù ló bà Fọlákẹ́ nípàdé ọjọ́ yẹn. Ó mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é ni! Gbogbo ọdún yìí, ó ń bò mí!

Mo ní kí ó fún mi láyè kí n ronú. Ọjọ́ Àìkú, lẹ́yìn ìsìn, ni yóò padà wá. Ayọ̀délé kò mọ nǹkan kan. Ó ṣì kí mi lánàá, ó ní kí n bá òun sọ̀rọ̀ ọmọ òun dáadáa. Ojú ìwé náà sì wà nínú ìwé orin mi, pẹ̀lú ìfọwọ́sí méjèèjì. N kò lè jó o, n kò lè fi han ènìyàn.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀yin tí ẹ ń kà á, bó bá jẹ́ pé ẹ̀yin ni Kọ́lá, tí mo na ojú ìwé náà sí yín láìsọ̀rọ̀, ṣé ẹ ó gbà á lọ́wọ́ mi?