Ọ̀gá Tó Jókòó Lé Ẹ̀rọ Lórí

Ẹ̀yin èèyàn wa, ẹ̀yin ọmọ ọ̀gá mi, ẹ kú ará-fẹ́-ra-kù. Ọjọ́ ìsìnkú ọ̀gá mi lòní, àmọ́ ọpẹ́ ni mo gbé wá. Ẹni tí a ṣe lóore tí kò dúpẹ́, bí ọlọ́ṣà kó ni lẹ́rù lọ ni.

Ẹ̀rọ tó ń fi gáàsì pèsè iná mànàmáná la jọ ń ṣe. Awọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ kan wà láàárín rẹ̀. Tí ẹ̀rọ bá ti ń ṣiṣẹ́, òun fúnra rẹ̀ lè máa bí oró tó ń jẹ awọ náà. Kòkòrò tó ń jẹ ẹ̀fọ́, ara ẹ̀fọ́ ló kúkú wà! Oró ọ̀hún kì í pẹ́; kéèyàn tó ṣẹ́jú, ó ti lọ. Ìdí nìyẹn táwọn ẹlòmíì fi ń dúró kí ẹ̀rọ kú kí wọ́n tó tú u wò. Ọ̀gá mi ní rárá o. "Ṣé òkú lẹ fẹ́ bi léèrè ohun tó ń ṣe é ni?" Wọ́n fi aró kan sínú awọ, wọ́n ṣe fèrèsé gíláàsì sí ẹ̀gbẹ́ ẹ̀rọ. Bí oró bá kan aró yẹn pẹ́nrẹ́n, á tàn yòò, wọ́n á sì rí i lójú ẹsẹ̀.

Agídí wọn ńkọ́? Lọ́jọ́ tá a fẹ́ gbé ẹ̀rọ lọ sílé ìwòsàn àwọn ọmọdé, awakọ̀ ti dé, àwọn aláṣẹ iléeṣẹ́ wa ti wọ aṣọ òde. Ọ̀gá mi yọjú wo fèrèsé yẹn, wọ́n rí i tó ń tàn. Ni wọ́n bá lọ jókòó lé ẹ̀rọ lórí!

"Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ dìde, ẹ̀ ń dá wa dúró," awakọ̀ ló sọ bẹ́ẹ̀.

"Ẹ gbé mi mọ́ ọn."

Ẹ rẹ́rìn-ín, kò burú. Àmọ́ ọ̀gá mi fúnra wọn ló ṣe awọ yẹn o! Ta ló ń tú àṣírí iṣẹ́ ọwọ́ ara rẹ̀? Wọ́n ní, "Èmi ni mo ṣe é, kò dáa." Àwọn aláṣẹ bínú, wọ́n sọ̀rọ̀ burúkú. Ọ̀gá mi ní tiwọn padà sídìí iṣẹ́. Wọ́n ṣe òmíràn tí kò tàn.

Òmíràn yẹn ló ń ṣiṣẹ́ nílé ìwòsàn nígbà tí ìyàwó mi bímọ láìpé oṣù. Iná lọ lọ́sàn-án gangan. Inú àpótí tó ń mú ọmọ gbóná lọmọ mi wà, kò tíì lè dá mí. Ẹ̀rọ ọ̀gá mi ló gbé e ró títí iná fi dé. Ẹ̀yin èèyàn wa, ẹ bá mi dúpẹ́!

Ọ̀gá mi, ìyá mi níbi iṣẹ́, ẹ máa lọ ire. Kí ọ̀nà là fún yín, kí ilẹ̀ tutù fún yín. Ọmọbìnrin tó ń ké lẹ́yìn mi yìí, tí ohùn rẹ̀ fẹ́ ya òrùlé, ọmọ mi ni. Ẹ̀yin èèyàn wa, ẹ má rẹ̀ ẹ́ lẹ́kún o. Ẹ jẹ́ kó ké. Lọ́jọ́ tá a bí i, kò rí èémí tó lè fi ké.