Iṣẹ́ Tí Mi Ò Jẹ́ fún Àbúrò Mi

Ẹ̀yin tí ẹ máa ka ọ̀rọ̀ mi yìí, mo kí yín. Ohun kan wà nínú mi tí mi ò sọ fún ẹnikẹ́ni rí. Mi ò sọ ọ́ fún ọkọ mi. Mi ò sọ ọ́ fún ìyá mi títí wọ́n fi kú. Ó pẹ́ débi pé mo ti rò pé ó ti jẹrà sí mi nínú, pé èmi àti ilẹ̀ la jọ máa gbé e lọ. Ṣùgbọ́n ní oṣù tó kọjá, ohun kan ṣẹlẹ̀ nílé àbúrò mi, òun ló mú kí n jókòó kọ èyí. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi sùúrù gbọ́ mi tán kí ẹ tó bú mi.

Obìnrin ni mí, mo sì fẹ́ràn bọ́ọ̀lù. Ẹ jẹ́ kí n tètè sọ ìyẹn, torí pé ibẹ̀ ni gbogbo ẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀.

Accra ni wọ́n bí mi sí, ní Cow Lane. Ará Ògbómọ̀ṣọ́ ni bàbá wa. Èmi ni àkọ́bí wọn, ó sì pẹ́ kí wọ́n tó bí ọkùnrin, nítorí náà èmi ni bàbá máa ń mú dání lọ sí pápá ní ọjọ́ Sunday. Orí èjìká wọn ni mo ti kọ́ bọ́ọ̀lù. Nígbà tí wọ́n wá bí Mùfútàù, inú wọn dùn, ṣùgbọ́n wọn ò pẹ́ láyé lẹ́yìn ìgbà náà. Èmi ni mo pọn Mùfú lọ sí pápá. Èmi ni mo ra bàtà bọ́ọ̀lù àkọ́kọ́ fún un. Kò sí ohun tí màmá wa ò fi lé mi lọ́wọ́ lórí ọmọ yẹn, torí pé ọjà ló ń gba gbogbo ọjọ́ wọn.

Mi ò ní dárúkọ tíìmù wa. Tíìmù àdúgbò ni, kékeré ni, aṣọ àwọ̀ ewé ni wọ́n ń wọ̀. Nígbà tí Mùfú dàgbà, òun ni ó ń gbá iwájú fún wọn.

Ohun kan wà tí mo fẹ́ kó yé yín níbí, ẹ jọ̀ọ́. Nígbà tí a wà nílé ìwé, Alata ni wọ́n ń pe àwa ọmọ Yorùbá. Ọ̀rọ̀ yẹn fúnra rẹ̀ kì í ṣe èébú, ṣùgbọ́n bí àwọn ọmọ ṣe ń pè é, èébú ni. Alata, ìgbà wo lẹ ń lọ sílé yín? Ilé wo? Mi ò tíì dé Ògbómọ̀ṣọ́ rí nígbà yẹn. Ṣùgbọ́n ní ọjọ́ tí Mùfú kọ́kọ́ gbá bọ́ọ̀lù méjì wọlé nínú eré kan ṣoṣo, gbogbo pápá dìde, àwọn Gã, àwọn Ashanti, àwọn Hausa, gbogbo wọn ń kọrin, "Alata, Alata." Ìyá kan tó ń ta kẹ́ńkè fà mí lọ́wọ́, ó ní kí n wá jókòó sórí àpótí òun, pé ẹ̀gbọ́n Alata kì í dúró. Mo jókòó. Mo sunkún lórí àpótí yẹn. Láti ọjọ́ náà, mi ò fẹ́ kí orin yẹn dákẹ́ láé.

Ọdún tí mò ń sọ yìí, fóònù alágbèéká ò tíì pọ̀ lọ́wọ́ mẹ̀kúnnù. Ní àsìkò bọ́ọ̀lù tó ṣáájú rẹ̀, díẹ̀ ló kù kí tíìmù wa gòkè sí líìgì ńlá. Ọjọ́ tó kẹ́yìn ni ó bọ́ mọ́ wa lọ́wọ́. A sunkún, a nu ojú, a wá bẹ̀rẹ̀ sí í sọ pé àsìkò tó ń bọ̀ ni tiwa. Gbogbo ẹnu ló ń sọ ọ́. Èmi ni olórí àwọn obìnrin tó ń tẹ̀ lé tíìmù, mo ti ra aṣọ ewé tí a máa fi ṣe ìborí. Mo gba ààwẹ̀ nítorí bọ́ọ̀lù, Ọlọ́run dárí jì mí. Bí aboyún ṣe ń ka oṣù ni mo ṣe ń retí àsìkò yẹn. Gbogbo ìrètí yẹn, ẹsẹ̀ Mùfú ló wà.

Ọ̀sán ọjọ́ kan, ọkùnrin kan wá bá mi ní ìsọ̀ mi ní Odawna, níbi tí mo ti ń ta ọṣẹ àti ohun èlò ilé. Twi ló fi bá mi sọ̀rọ̀. Ó ní òun máa ń wá agbábọ́ọ̀lù fún ẹgbẹ́ kan ní Tùníṣíà, pé òun wá wo àwọn ọmọ tíìmù wa níbi ìdánrawò, òun sì ti rí ẹni tí òun fẹ́. Wọ́n ti sọ fún un pé ọ̀dọ̀ mi ni wọ́n ti ń rí Mùfú.

Ó ní, "Màámi, ẹ sọ fún un kó wá bá mi ní òtẹ́ẹ̀lì kí n tó lọ lọ́jọ́ Friday. Kó mú pásípọ́ọ̀tù rẹ̀ dání. Tí kò bá ní, kó ṣáà wá, a máa wá nǹkan ṣe sí i."

Ó sọ orúkọ òtẹ́ẹ̀lì náà fún mi, ó ní kí n tún un sọ kí òun lè mọ̀ pé mo gbọ́. Mo tún un sọ. Mo ní màá jíṣẹ́.

Mo fẹ́ jẹ́ ẹ. Ẹ gbà mí gbọ́. Ṣùgbọ́n bí mo ṣe ń to ọṣẹ nírọ̀lẹ́ ọjọ́ yẹn, mo ń rí pápá wa láìsí Mùfú níbẹ̀. Mo ní tó bá lọ, a ò ní gòkè. Mo ní ọmọdé ṣì ni, ẹlòmíì á tún wá. Kó kọ́kọ́ gbé wa gòkè ná. Mo sọ fún ara mi pé àsìkò kan péré ni mo fẹ́ yá lọ́wọ́ rẹ̀.

Ó wá jẹun lọ́dọ̀ mi nírọ̀lẹ́ ọjọ́ kejì. Kò tíì jókòó tó fi ní, "Àǹtí mi, ọkùnrin kan wá wò wá ní pápá. Wọ́n ní ó ń mú àwọn èèyàn lọ sí Tùníṣíà. Ṣé kò sẹ́ni tó wá bèèrè mi níbí?"

Mo ń bu ọbẹ̀ lọ́wọ́. Mi ò gbé ojú sókè.

Mo ní, "Kò sí."

Ó ní, "Bóyá á wá lọ́la."

Ó bi mí lọ́jọ́ tó tẹ̀ lé e. Ó tún bi mí lọ́jọ́ kẹta. Ó fi iṣẹ́ tó ń ṣe sílẹ̀, ó wá jókòó sí ìsọ̀ mi láàárọ̀ kí ọkùnrin náà má baà wá kó má bá a. Mo wá ọ̀nà rán an níṣẹ́ lọ sí Ashaiman lọ́jọ́ Friday yẹn, torí pé ọkàn mi sọ fún mi pé ọkùnrin náà á padà wá. Ó wá lóòótọ́. Mo sọ fún un pé ìsìnkú bá wa ní Nàìjíríà, pé àbúrò mi ti lọ, pé a ò mọ ìgbà tó máa dé.

Ọkùnrin náà dúró, ó ń wo ilẹ̀. Ó ní, "Ó ṣe mí láàánú, màámi. Gbogbo ibi tí mo dé ní Ghana yìí, mi ò rí ẹsẹ̀ tó dà bíi tirẹ̀."

Ó dúpẹ́ lọ́wọ́ mi. Ẹ ò rí nǹkan. Ó dúpẹ́ lọ́wọ́ mi kó tó lọ.

Lẹ́yìn náà ni a gbọ́ pé ọmọ Ashaiman kan ló mú lọ. Mùfú wá sí ìsọ̀, ó jókòó sórí páálí ọṣẹ. Ó rọra sọ̀rọ̀, bí ẹni tó ń bá ara rẹ̀ sọ̀rọ̀.

Ó ní, "Ẹni tó mọ bọ́ọ̀lù wò mí, kò rí nǹkan kan lára mi."

Mo ní kó má sọ bẹ́ẹ̀. Mo ní Ọlọ́run ní tirẹ̀ lọ́wọ́. Orúkọ Ọlọ́run ni mo fi bo irọ́ mi mọ́lẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí n sọ bí àsìkò náà ṣe rí, torí ibẹ̀ ló dùn mí jù. A gòkè. Ohun tí mo gba ààwẹ̀ sí ṣẹlẹ̀. Mùfú ló gbá bọ́ọ̀lù tó gbé wa gòkè wọlé, wọ́n gbé e lé èjìká yí pápá ká, wọ́n ń kọrin náà. Ojú rẹ̀ ń wá mi láàárín èrò. Nígbà tó rí mi, ó bọ́ aṣọ ewé rẹ̀, ó fi kọ́ mi lọ́rùn, ó ní, "Àǹtí mi, tiyín nìyí." Aṣọ náà tutù fún òógùn rẹ̀. Mo jó títí bàtà mi fi já. Ní gbogbo ìgbà tí mò ń jó, òtútù ń mú mi.

Nígbà tí a dé líìgì ńlá, olówó kan gba àkóso tíìmù náà. Ó kó àwọn agbábọ́ọ̀lù tuntun wá láti ibòmíì. Wọ́n gbé Mùfú jókòó sí ẹ̀gbẹ́ pápá. Ó ń wọ aṣọ, ó ń so bàtà, wọn ò pè é. Kò tíì parí àsìkò náà tí wọ́n fi sọ fún un pé kó má wulẹ̀ wá mọ́. Tíìmù tí mo tìtorí ẹ̀ jí ayé rẹ̀ gbé kò rántí orúkọ rẹ̀ dé ọdún kejì. Kò bá wọn jà. Ó ní ọkùnrin Tùníṣíà yẹn ti rí i tẹ́lẹ̀ pé òun ò mọ bọ́ọ̀lù gbá, òun ni òun ò gbà.

Ashaiman ló wà báyìí, ó ń ta bàtà àlòkù. Ó níyàwó, ó bímọ. Èèyàn dáadáa ni. Ṣùgbọ́n tí wọ́n bá ti ń wo bọ́ọ̀lù níbì kan, ó máa dìde jáde. Èmi náà ò lọ sí pápá mọ́. Àwọn èèyàn rò pé àgbà ló dé.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ lóṣù tó kọjá nìyí. Àkọ́bí Mùfú obìnrin, Àlímọ̀, ń gbá bọ́ọ̀lù. Mo ti rí i rí. Bí ó ṣe máa ń rẹ èjìká kan sílẹ̀ kó tó yí, bí bàbá rẹ̀ ni gẹ́lẹ́, bẹ́ẹ̀ kò rí bàbá rẹ̀ rí lórí pápá. Ẹgbẹ́ àwọn obìnrin kan ní Accra fẹ́ ẹ fún àsìkò tó ń bọ̀. Kóòṣì wọn, obìnrin ni, fẹsẹ̀ ara rẹ̀ wá sílé wọn wá bẹ bàbá. Mùfú ní rárá.

Ọmọ náà wọ ọkọ̀ tro-tro wá bá mi ní Odawna. Yorùbá rẹ̀ ò fi bẹ́ẹ̀ já gaara, Twi ló fi ń lú u, ṣùgbọ́n mo gbọ́ gbogbo ohun tó sọ. Ó ní, "Àǹtí Àgbà, mo ń gbá bọ́ọ̀lù lójú àlá. Ẹ̀yin nìkan ni bàbá mi ń gbọ́ tiyín. Ẹ bá mi bẹ̀ wọ́n."

Mo lọ sí Ashaiman ní ọjọ́ Sunday. Mùfú dọ̀bálẹ̀ fún mi bó ṣe máa ń ṣe, ó gbé àga fún mi. Mo sọ ohun tó gbé mi wá. Kò bínú.

Ó ní, "Àǹtí mi, kì í ṣe pé mo kórìíra ohun tó fẹ́. Ẹ̀yin náà wà níbẹ̀. Ẹ rí bí mo ṣe retí. Ẹ̀jẹ̀ kan náà ni. Wọ́n á wò ó, wọn ò ní rí nǹkan kan, á sì máa gbé e kiri títí tó fi máa kú. Mi ò lè fi ọmọ mi sínú nǹkan tó pa mí."

Ibẹ̀ ló yẹ kí n ti sọ ọ́. Ilẹ̀kùn ti ṣí. Ìyàwó rẹ̀ gbé omi wá fún mi, mo gbé e mu tán. Àlímọ̀ dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó ń wò mí. Mo la ẹnu, ohun tó jáde ni, "Ọmọ rẹ ni, Mùfú. Bó o bá ṣe fẹ́ ẹ."

Ọmọ náà yí padà, ó wọlé lọ. Kò sunkún. Ó kàn rọra wọlé ni.

Àsìkò bọ́ọ̀lù àwọn obìnrin ń sún mọ́lé. Kóòṣì náà ní òun á fi àyè sílẹ̀ fún un títí di ẹ̀yìn Iléyá. Tí mo bá sọ òótọ́, bóyá Mùfú á jẹ́ kó lọ. Bóyá á mọ̀ níkẹyìn pé wọ́n rí nǹkan lára òun, pé òun ni wọ́n kọ́kọ́ wá. Ṣùgbọ́n á tún mọ̀ pé ọwọ́ tó ń bọ́ òun ló ti ilẹ̀kùn mọ́ òun. Mi ò bí ọmọ láyé mi. Mùfú ni mo ní. Ẹ̀rù ń bà mí, ẹ jọ̀ọ́.

Mo ti padà lọ síbẹ̀ lẹ́yìn ọjọ́ yẹn. Mo jókòó tì í láàárín àwọn bàtà tó ń tà, a sọ̀rọ̀ òjò, a sọ̀rọ̀ owó mọ́tò, mo dìde, mo wá sílé. Mi ò ní kí ẹ bá mi bẹ̀ ẹ́. Mo mọ̀ pé mo gbọ́dọ̀ sọ ọ́. Ẹ̀yin tí ẹ ti jókòó síwájú ẹni tí ẹ ṣẹ̀ rí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ ràn mí lọ́wọ́. Gbólóhùn wo lẹ fi bẹ̀rẹ̀?