Wọ́n Ní Kí N Sọ Orúkọ Orin Bọ̀ọ̀dá Dáre

Nígbà tí mo ṣì ń di irun kòlẹ́sẹ̀ lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì ní Kakuri, lápá àríwá níbí… Dúró ná. Kí lo fẹ́ fi ohùn mi ṣe tó o gbé fóònù sí mi lẹ́nu? Ta ló rán ẹ? Makaranta? Sọ ọ́ ní Yorùbá, jọ̀ọ́. Iṣẹ́ ilé-ìwé. To, mo gbọ́. Ṣùgbọ́n ohun tó o bi mí yẹn, pé ṣé jùjú ni orin ayé ìgbà tiwa àbí háíláìfù, mo fura sí i. Gbogbo ẹni tó ti bi mí rí ló ní nǹkan tó fẹ́ fi ṣe.

Ẹ gbọ́, gbogbo ẹ̀yin ọmọ tẹ́ ẹ jókòó síbí. Ẹ̀gbọ́n mi, Bọ̀ọ̀dá Dáre, akọ̀wé ìjọba ni. Òun náà ló ń kọ́ àwa akọrin ṣọ́ọ̀ṣì lórin. Kò sí nǹkan tó fẹ́ràn tó ìyẹn láyé. Tó bá di ọ̀sán Sátidé, á gbé jìtá ẹ̀, òun àti ẹni méjì: ará Yàgbà bíi tiwa kan tó ń lu ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀, ará Ìbò kan tó ń fọn fèrè. Wọ́n á lọ ṣeré níbi ìgbéyàwó. Èmi ni mò ń gbè é.

Kí ni kéèyàn pe ìyẹn? Ẹni tó bá gbọ́ ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀ á ní jùjú ni. Ẹni tó bá gbọ́ fèrè á ní háíláìfù ni. Bọ̀ọ̀dá ní orúkọ wúlò fún ẹni tó fẹ́ pè wá sóde, kó lè mọ irú eré tó ń bọ̀. Ó parí síbẹ̀.

Àwọn àgbà ìjọ wá ṣòfin pé akọrin ò gbọdọ̀ ṣe jùjú. Wọ́n ní orin ọ̀mùtí ni. Háíláìfù ńkọ́? Wọ́n ní ìyẹn ò burú. Ṣé ẹ mọ ìdí? Òun ni àwọn ọ̀gá wọn ní ọ́fíìsì ń jó! Haba.

Wọ́n pe Bọ̀ọ̀dá, èmi náà bá a lọ. Ó ní òun ò ní sọ orúkọ kankan, kí wọ́n jẹ́ kí òun ta á kí wọ́n gbọ́. Ó ta jìtá, mo gbè é. Ẹsẹ̀ Bàbá Ìjọ, olórí wọn, ń jó lábẹ́ tábìlì… mo rí i fúnra mi. Lẹ́yìn náà wọ́n ní kí Bọ̀ọ̀dá bọ́ síta. Ó wá ku èmi nìkan. Bàbá Ìjọ rẹ́rìn-ín sí mi.

Ó ní, "Ọmọ mi, orin yìí mà dùn o. Kí lẹ máa ń pè é nílé?"

Inú mi dùn. Mo rò pé wọ́n ń yìn wá ni. Mo ní, "Jùjú ni, Bàbá."

Ó mú kálámù, ó kọ ọ́. Sọ́ńdè tó tẹ̀ lé e, ẹlòmíì ló dúró síwájú àwa akọrin. Bọ̀ọ̀dá jókòó sẹ́yìn pátápátá. Kò bá mi jà, ìyẹn gan-an ló dùn mí jù. Ó kàn bi mí lọ́nà ilé pé, "Kó o tó sọ orúkọ ẹ̀, ṣé wọ́n gbádùn ẹ̀?" Mo ní wọ́n gbádùn ẹ̀ gan-an. Ó ní, "Ó dáa náà." Kò kọ́ ẹnikẹ́ni lórin mọ́ títí tó fi kú.

Lónìí, ní Ungwan Boro níbí, jìtá mẹ́ta ló wà nínú ṣọ́ọ̀ṣì wa. Orin yẹn náà ni wọ́n ń ta. Wọ́n ń pè é ní orin ìyìn… Hmm. Kí ẹ tó sọ orúkọ orin fún ẹnikẹ́ni, ẹ̀yin ọmọ mi, ẹ kọ́kọ́ bi í pé: tí mo bá sọ ọ́, ta lẹ fẹ́ lé jáde?