Ẹ̀sùn Tí Mo Fi Kan Comfort

Ọjọ́bọ̀ ni àwọn dókítà máa là mí lẹ́yìn, n kò sì mọ̀ bóyá n óò jí. Ìdí nìyẹn tí mo fi ní kí Tóyìn ọmọ mi fi fóònù rẹ̀ gba ohùn mi sílẹ̀, kó fi ránṣẹ́ sí gbogbo ẹ̀yin tí a jọ ń tọ́jú arúgbó nílé onílé n'Ífẹ̀ níbí. Ó ti pé ọdún méjì tí mo gbé ọ̀rọ̀ yìí mì, kò sì dà nínú mi. Èmi Mojíre, Ìyá Tóyìn tí ẹ ń kúnlẹ̀ kí, ọ̀dàlẹ̀ ni mí.

Gbogbo yín mọ Màdáámù Awódélé, tó ń gbà wá síṣẹ́, tó ń pín wa sílé àwọn arúgbó tí ọmọ wọn wà lókè òkun. Ilé Baba Ọlátúnbọ̀sún, olùkọ́ yunifásítì tó ti fẹ̀yìn tì, ló fi èmi àti Comfort sí. Àrùn rọpárọsẹ̀ ti gba ẹsẹ̀ Baba, ó gba ohùn rẹ̀. Ọ̀sẹ̀ kan tèmi, ọ̀sẹ̀ kan ti Comfort, ẹnì kan ṣoṣo ló ń gbé e, tó ń wẹ̀ ẹ́, tó ń yí i padà tọ̀sán-tòru. Baba kì í sì í ṣe ènìyàn kékeré. Ẹgbẹ̀rún márùndínlógójì náírà lowó oṣù. Ẹni tó bá ṣàìsàn, wọ́n á gé e nínú rẹ̀.

Lọ́jọ́ Àìkú kan, mo ń gbé Baba bọ́ sórí àga, ẹ̀yìn mi gún mi bí ọ̀bẹ, mo jù ú sílẹ̀. Apá rẹ̀ wú. Egungun kò kán, ọpẹ́ ni, ṣùgbọ́n ẹkún ni mo ń sun nígbà tí Comfort dé láti gbaṣẹ́ lọ́wọ́ mi. Ó fi òrí pa apá náà. Ó ní, "Ìyá Tóyìn, ẹ má bẹ̀rù. Ẹnì kan ò ní gbọ́ lẹ́nu mi. Ṣé ẹnì kan ló yẹ kó máa gbé Baba ni?"

Ọ̀sẹ̀ yẹn náà ni Adéṣọlá, ọmọ Baba, pè láti Kánádà, tó bi Comfort bóyá ẹgbẹ̀rún lọ́nà igba náírà tí òun ń san lórí ẹnì kọ̀ọ̀kan wa lóṣù ń dé ọwọ́ wa. Comfort kó mẹ́jọ nínú yín jọ sẹ́yìnkùlé Baba, èmi náà wà níbẹ̀. A kọ lẹ́tà: ẹ fi kún owó wa, ẹ fi ènìyàn méjì sílé tí arúgbó kò bá lè dìde, ẹ yé gé owó aláìsàn. Gbogbo wa fọwọ́ sí i. Ọjọ́ Ajé la fẹ́ jọ gbé e lọ. Comfort ní, "Ìyá Tóyìn ni àgbà wa, ẹ jẹ́ kó wà lọ́wọ́ wọn."

Lọ́jọ́ Ẹtì, èmi nìkan gbé lẹ́tà náà lọ sí ọ́fíìsì Màdáámù ní Òkè-Ogbó. Kò sẹ́ni tó rán mi. Ẹ̀rù bà mí pé ó máa lé gbogbo wa, mo sì rò pé ẹni tó bá kọ́kọ́ débẹ̀ ni yóò yè. Ó kà á, ó rọra bi mí ta ni olórí. Mo ní Comfort ni. Ó ní òun ń wá alábòójútó, àgbà bíi tèmi. "Ṣùgbọ́n ilé Baba fẹ́ràn ọmọ yẹn," ló wí. "N kò lè lé e lásán. Ìyá Tóyìn, kò sí nǹkan kan tí ẹ mọ̀ nípa ẹ̀?"

Mo ní ó máa ń na Baba. Mo ní kó lọ wo apá rẹ̀.

Lọ́jọ́ kejì, èmi àti Màdáámù bá Comfort níbi tó ti ń fún Baba ní ẹ̀kọ mu. Màdáámù ya fọ́tò apá náà, ó fi ránṣẹ́ sí Kánádà lójú ẹ̀. Comfort kò bá a jiyàn. Èmi ló kọjú sí. "Ìyá Tóyìn, ẹ sọ fún wọn." Ilẹ̀ ni mo ń wò. "Ẹ jọ̀ọ́, mà. Ẹ sọ fún wọn." Baba fi ọwọ́ rẹ̀ tó ṣì ń ṣiṣẹ́ di ìró Comfort mú, ó ń mirí, itọ́ ń dà lẹ́nu rẹ̀. Ó mọ òtítọ́, kò lẹ́nu tí yóò fi sọ ọ́. Èmi, ọwọ́ mi yìí, ni mo fi ń tú ìka arúgbó náà kúrò lára ìró rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan.

Ẹ rò pé Comfort ló gbé lẹ́tà wa jáde. Mo gbọ́ tí ẹ ń bú u, mo sì bá yín bú u. Kò sílé kankan tó gbà á mọ́. Ó padà sí Ìpetumodù, ó ń ru yanrìn fáwọn bíríkìlà.

Ipò alábòójútó tí mo torí ẹ̀ dalẹ̀ Comfort ńkọ́? Ẹgbẹ̀rún márùn-ún ni Màdáámù fi kún owó mi, ó sì fi ilé kejì kún ẹrù mi. Nígbà tí ẹ̀yìn mi kọṣẹ́ lóṣù tó kọjá, àtẹ̀jíṣẹ́ ló fi lé mi. N kò sọ ọ́ kẹ́ ẹ lè káàánú mi. Ọ̀gá tó ń rẹ́rìn-ín sí ọ torí pé o ta ẹnì kejì rẹ, iye tí yóò ta ìwọ náà ló ń wò. Kí ẹ̀yin ọ̀dọ́ tẹ́ ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ wọṣẹ́ yìí mọ̀ bẹ́ẹ̀.

Láàárọ̀ yìí, mo pe Adéṣọlá, mo jẹ́wọ́ fún un. Baba ti kú lọ́dún tó kọjá. Adéṣọlá ní, "Ṣé Dádì mọ̀ pé irọ́ ni?" Mo ní wọ́n mọ̀. Ó pa fóònù.

Ẹ má bá mi bẹ Comfort. Ẹ lọ bá a, kó gbọ́ ohùn mi yìí, kẹ́ ẹ sì tọrọ àforíjì èébú tiyín. Bí mo bá jí, n óò fẹsẹ̀ ara mi lọ bẹ̀ ẹ́. Bí n kò bá jí, orúkọ rẹ̀ ni kẹ́ ẹ bá mi fọ̀ mọ́. Ẹ fi tèmi sílẹ̀ bó ṣe wà.