Wọ́n Fẹ́ Pa Ẹ̀rọ Tó Ń Bá Mi Mí

Ẹ̀yin ará, mo dúpẹ́ lọ́wọ́ Olúwa tó jẹ́ kí n tún jókòó láàárín yín láàyè. Àwọn ẹlòmíràn máa ń dìde jẹ́rìí. Èmi jókòó jẹ́rìí, nítorí àrùn rọpárọsẹ̀ ti mú ẹsẹ̀ mi láti kékeré, gbogbo yín sì mọ̀ bẹ́ẹ̀.

Nígbà tí òtútù àyà dá mi dùbúlẹ̀, wọ́n gbé mi láti Madina, àdúgbò wa níbí, lọ sí ọsibítù ńlá. Wọ́n ki rọ́bà bọ̀ mí lọ́fun, wọ́n so mí mọ́ ẹ̀rọ tó ń bá mi mí, wọ́n sì fún mi ní oògùn oorun. Mi ò lè la ojú, mi ò lè mi ìka. Ṣùgbọ́n bí oògùn náà bá ti rọlẹ̀ díẹ̀, mo ń gbọ́rọ̀. Ẹ̀yin tí ẹ wá kí mi, mo gbọ́.

Dókítà sọ fún Jóṣúà àbúrò mi pé bí mo bá tilẹ̀ yè é, ó ṣeé ṣe kí n má lè dá jẹun mọ́. Ó ní kí ẹbí rò ó bóyá kí àwọn pa ẹ̀rọ. Jóṣúà sunkún. Mi ò ní purọ́ mọ́ ọn, ó sunkún. Lẹ́yìn náà ló ní, "Dókítà, ẹ̀gbọ́n mi ò gbádùn ayé rí. Ẹ jẹ́ kó sinmi."

Ta ló sọ fún un pé mi ò gbádùn ayé? Mo kọ́ ọmọ níwèé títí mo fi fẹ̀yìn tì. Èmi ni mo kọ́ Jóṣúà fúnra rẹ̀ ní ìṣirò. Mò ń jẹ waakye mi, ìrẹsì ẹlẹ́wà, ní gbogbo àárọ̀ Sátidé, mo sì ń bá ẹni tó bá wù mí jà. Ọkùnrin kan wà ní bẹ́ẹ̀dì ẹ̀gbẹ́ mi, àìsàn kan náà, ẹ̀rọ kan náà. Òṣìṣẹ́ báǹkì ni, ó ń fẹsẹ̀ rẹ̀ rìn kó tó dùbúlẹ̀. Ẹnikẹ́ni ò bi ìyàwó rẹ̀ bóyá kí wọ́n pa tiẹ̀.

Alàgbà wa, tó jókòó níwájú níbẹ̀ yẹn, gbàdúrà lójú dókítà pé kí Olúwa rọra mú mi lọ sílé. Àwọn ìyá ìjọ ṣe àmín, ó sì dún dáadáa. Ẹnì kan ṣoṣo ni kò ṣe é. Àdùkẹ́ ni, tó ń ta ìpara lọ́jà Okaishie, tí èmi àti ẹ̀ ò kí ara wa láti ìgbà tó ti sọ pé kẹ̀kẹ́ tí mò ń jókòó sí yìí ń dí ọ̀nà ẹgbẹ́ akọrin. Ó ní, "Dókítà, ẹ dúró ná. Ìjà èmi àti obìnrin yìí ò tíì parí. Ẹ jẹ́ kí oorun dá lójú ẹ̀, kí ẹ bi òun fúnra ẹ̀."

Jóṣúà ní kí ló kàn án, ṣé ẹbí ni. Àdùkẹ́ dá a lóhùn pé bó bá jẹ́ ti ẹbí ni, ǹ bá ti wà ní mọ́ṣúárì. Nọ́ọ̀sì ní ariwo àwa Alata, bí àwọn ará Gánà ṣe ń pe àwa Yorùbá, ti pọ̀ jù, ó lé gbogbo wọn jáde. Ṣùgbọ́n dókítà gbà láti dín oògùn oorun kù.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, Àdùkẹ́ tẹ̀ sún mọ́ etí mi, ó ní, "Tíṣà, wọ́n fẹ́ pa ẹ̀rọ yìí. Bí o bá fara mọ́ ọn, máa sùn lọ. Bí o ò bá fara mọ́ ọn, la ojú burúkú tí o fi ń wò mí yẹn."

Mo là á. Mo sì wò ó bó ṣe yẹ kí n wò ó.

Dókítà bi mí bóyá kí àwọn máa bá ìtọ́jú lọ, ó ní kí n ṣẹ́jú bó bá jẹ́ bẹ́ẹ̀ ni. Mo ṣẹ́jú títí ó fi ní ó ti tó.

Òótọ́ ni dókítà sọ o, ọwọ́ mi ò di ṣíbí mú mọ́. Wọ́n ń fún mi jẹ ni, oúnjẹ sì ń dùn lẹ́nu mi. Mi ò tíì bá Àdùkẹ́ parí ìjà. Ṣùgbọ́n mo ti sọ fún dókítà, níṣojú Jóṣúà, pé bí irú ẹ̀ bá tún dé, tí mi ò lè sọ̀rọ̀, Àdùkẹ́ ni kí wọ́n bi.

Ẹ bá mi yọ̀, ẹ̀yin ará. Ọlọ́run ló ni ògo. Lọ́jọ́ tó bá fẹ́ mi lọ́run, á pè mí fúnra rẹ̀, màá sì jẹ́. Kò rán ẹnikẹ́ni nínú yín.